Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: ètò ẹ̀ka wo ló yẹ sọ́fítíwíà wa?

Olùbéèrè: Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Òru mẹ́ta ni mo fi tún àlébù kan ṣe nínú sọ́fítíwíà tí à ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, mo gbé e jáde bí ẹ̀dà 2.3.1, àfi bí àlébù náà ṣe tún yọjú nínú 2.4, tí àwọn tó ń lò ó sì ń bú mi bí ẹni tó jalè. Ọ̀kan nínú wa ní èmi ni n kò tẹ̀lé git-flow bó ti yẹ (ètò lílo Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú àyípadà kóòdù, tó pín iṣẹ́ sí ẹ̀ka, ìyẹn ìlà iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: develop fún iṣẹ́ tuntun, main fún ohun tó ti jáde), bẹ́ẹ̀ òun alára kì í kọ àlàyé kankan sí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣé kí a máa bá git-flow lọ ni, àbí kí a kó gbogbo iṣẹ́ sórí main?

Ìdáhùn 1: Ẹ kò sọ iye ẹ̀dà tí ẹ ń tọ́jú, ẹ kò sì sọ ẹ̀ka tí ẹ ti ṣe àtúnṣe yẹn.

Ìdáhùn 2: Ẹ fi git-flow sílẹ̀. Vincent Driessen tó gbé e kalẹ̀ ní 2010 ti kọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní 2020 pé kí àwọn tó ń gbé iṣẹ́ jáde lemọ́lemọ́ wá ètò tó rọrùn jù ú lọ.

Ìdáhùn 3: Ẹ má gé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kúrú. Ó sọ níbẹ̀ pé ó ṣì lè bá sọ́fítíwíà tó ní nọ́ńbà ẹ̀dà mu, tàbí bí a bá ní láti tọ́jú ẹ̀dà púpọ̀ pọ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta ni àwa ń tọ́jú, git-flow la sì ń lò.

Olùbéèrè: Ẹ̀dà tó dé kẹ́yìn nìkan la ń tọ́jú. Orí ẹ̀ka ìgbéjáde 2.3 ni mo ti ṣe àtúnṣe náà; mo fi tag (àmì orúkọ ẹ̀dà) sí i, mo sì pa ẹ̀ka náà rẹ́, torí ẹ̀ka ti pọ̀ jù.

Ìdáhùn 4: Ẹ kò kọ àyẹ̀wò kankan fún àlébù náà? Ẹ fẹ́ràn wàhálà o.

Ìdáhùn 1: A jẹ́ pé àtúnṣe yẹn kò dé develop rí, inú develop sì ni 2.4 ti wá. Git-flow ní kí ẹ dà á pọ̀ mọ́ ọn kí ẹ tó pa ẹ̀ka rẹ́. Àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀dà stable (èyí tó ti jáde, tí wọ́n ń tún ṣe) ti Linux kì í gba àtúnṣe tí kò bá tíì wọ ẹ̀ka àgbà ti Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ máa tún un ṣe lórí main ná, kí ẹ tó fi cherry-pick -x (àṣẹ Git tó ń ṣe àdàkọ àtúnṣe kan sí ẹ̀ka mìíràn, tó sì ń kọ ibi tó ti wá) gbé e lọ sí ẹ̀ka ìgbéjáde. Ẹni mélòó ni yín?

Olùbéèrè: Àwa méjì péré.

Ìdáhùn 1: Ẹni méjì, ẹ̀dà kan! Kí ni ẹ ń fi develop ṣe? Ẹ da ohun inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ main, kí ẹ sì pa á rẹ́.

Olùbéèrè: Mo ti rí àtúnṣe náà lábẹ́ tag v2.3.1. Ó ku bí n ó ṣe sọ fún ẹnì kejì mi.