Kámẹ́rà sinimá kan, ènìyàn mẹ́ta, ọjọ́ méjì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Aládìrẹ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ ya fíìmù kékeré kan ní Abẹ́òkúta lóṣù tó ń bọ̀. Ojú ìwé 14 ni ìwé eré náà. Òṣèré méjì péré ló wà nínú rẹ̀: ìyá arúgbó kan tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó fẹ́ ta ilé bàbá rẹ̀. Àgbàlá tí ìkòkò aró wà la ti máa yà á, àti yàrá kan, pẹ̀lú ìran alẹ́ kan tó jẹ́ pé fìtílà nìkan ló ń tàn níbẹ̀.

Kámẹ́rà sinimá Blackmagic Pocket 4K ni mo fẹ́ yá, ọjọ́ méjì sì lowó mi ká. Àwa mẹ́ta la máa ṣe é: èmi ni màá darí, ọ̀rẹ́ mi ló máa gbé kámẹ́rà, àbúrò mi obìnrin tí kò ṣe iṣẹ́ fíìmù rí yóò sì máa bá wa gbé ẹrù. Fóònù ni mo fi ya gbogbo èyí tí mo ti yà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ọwọ́ lòun máa fi gbé kámẹ́rà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ò fẹ́ tripod, ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ṣé a máa rí i ṣe? Ẹ̀rù ń bà mí, torí ìtàn ìyá ìyá mi ni.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ kú ìmúra, àbúrò mi. Ènìyàn mẹ́ta tó, bí ẹ bá ti mọ̀ pé kámẹ́rà yìí kì í ṣe fóònù. Fóònù máa ń tẹ̀ lé ojú òṣèré fúnra rẹ̀. Pocket 4K kì í tẹ̀ lé ẹnì kankan. Bí ìyá bá dìde lọ sídìí ìkòkò, tí ọ̀rẹ́ yín ò sì yí focus (òrùka lẹ́ǹsì tó ń mú àwòrán mọ́ kedere) bá a lọ, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì nìyẹn. Kámẹ́rà náà ò tún ní ohunkóhun nínú tó ń gba ìgbọ̀n ọwọ́ mọ́ra. Bí ó bá fẹ́ gbé e lọ́wọ́ dandan, kí ó yá lẹ́ǹsì tó ní OIS, ẹ̀rọ inú lẹ́ǹsì tó ń dín ìgbọ̀n kù, bíi Panasonic 12–35mm, kí ó má sì ṣí ojú lẹ́ǹsì náà ju ìwọ̀n f/4 lọ nínú yàrá, kí focus má bàa tètè bọ́. Ẹ lẹ téèpù mọ́lẹ̀ níbi tí òṣèré máa dúró sí.

Ẹ ya á ní 25 fps (àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), kí shutter, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ pẹ́ tó fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, wà ní ìwọ̀n 180. 50Hz ni iná ilé wa. Bí ẹ bá fẹ́ 24 dandan, ẹ gbé shutter sí 172.8, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gílóòbù ilé lè máa ṣẹ́jú nínú àwòrán. Bátìrì LP-E6 kan, irú èyí tí kámẹ́rà náà ń lò, kì í sábà pé wákàtí kan. Ẹ wá bátìrì ńlá V-mount kan kún un.

Agbohùnsílẹ̀:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ohùn, torí ẹnì kankan ò tíì dárúkọ rẹ̀. Àbúrò yín tí ẹ fẹ́ fi ṣe agbẹ́rù yẹn gan-an ló máa gba fíìmù yìí là. Ẹ fún un ní boom, ọ̀pá gígùn tí máìkì ń wà lórí rẹ̀. Kámẹ́rà yẹn ní ihò mini XLR (ihò wáyà máìkì) kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń fún máìkì níná, nítorí náà wáyà lè ti ara máìkì wọ kámẹ́rà tààrà, ẹ ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa so ohùn mọ́ àwòrán nílé. Kí máìkì wà lókè orí òṣèré, kí ẹnu rẹ̀ dojú kọ àyà ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ó sún mọ́ ọn débi tó bá lè sún mọ́ ọn láìwọ inú àwòrán. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ọ nínú pálọ̀ yín, pẹ̀lú hẹ́ẹ̀dífóònù létí. Ọwọ́ máa ro ó. Kí ó tètè mọ bó ṣe ń ro.

Mo gba ohùn fún fíìmù kan n'Ìbàdàn lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ń hó, olùdarí ní ká máa yà á lọ, pé wọ́n á yọ ariwo náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí a fi yí kámẹ́rà sí òṣèré kejì, wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí wọ́n wá gé méjèèjì pọ̀, ariwo ń wọlé, ó ń jáde, lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣèré ní láti padà wá tún ọ̀rọ̀ wọn sọ nínú yàrá. Ìyá tó sunkún tí gbogbo wa bá a sun lọ́jọ́ yẹn, ẹkún náà ò wá mọ́. Ó ń dùn mí di òní.

Nítorí náà, ẹ lọ kí àwọn aládùúgbò ṣáájú, kí ẹ bá wọn ṣàdéhùn wákàtí tí wọ́n máa pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ mọ àkókò ìrun ní mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí, kí ẹ fi àkókò yẹn jẹun. Kí ẹ tó kúrò ní yàrá kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo yín dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Continuity:
Ọ̀rọ̀ tèmi ò gùn. Bí ẹ bá ya RAW (fáìlì ńlá tó ń tọ́jú ohun tí kámẹ́rà rí) ní ìfúnpọ̀ 5:1 ní 4K, 1TB máa gbà tó wákàtí mẹ́rin. Ojú ìwé kan sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìṣẹ́jú 14 ni fíìmù yín. Bí ẹ bá ya ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀, ó máa sún mọ́ 550GB. SSD méjì, àpótí kékeré tí ẹ ó máa kó fáìlì sí, ni kí ẹ rà. Lálaalẹ́, kí ẹ da iṣẹ́ ọjọ́ náà kọ sórí èkejì kí ẹnikẹ́ni tó sùn, kí SSD méjèèjì má sì wà nínú báàgì kan náà. Ẹ fi fóònù ya ọwọ́ ìyá lẹ́yìn ìran kọ̀ọ̀kan: bí aró bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìran kan, ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nínú èyí tó tẹ̀ lé e.

Bàbá Ìbejì:
Mo gbàgbé nǹkan pàtàkì kan. Kámẹ́rà yìí ò ní ND, gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, nínú. Bí ẹ bá fi ND lásán tó nípọn ya aṣọ dúdú nínú oòrùn ọ̀sán, aṣọ náà lè pọ́n rúsúrúsú. Ní ti fíìmù àdìrẹ, àjálù ni! IRND, èyí tó tún ń dí ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú kì í rí, ni kí ẹ bèèrè. Ẹ gbé aṣọ náà gan-an lọ dán an wò kí ẹ tó sanwó.

Ọmọ Aládìrẹ:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Ìran fìtílà ńkọ́? A ò ní iná ńlá.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ gbé ISO, ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń ríran nínú òkùnkùn, sí 3200, àwòrán kámẹ́rà yẹn ń mọ́ dáadáa níbẹ̀. Ẹ tan fìtílà gidi, kí ẹ wá fi LED kékeré aláwọ̀ ọsàn pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí power bank máa gbé e. Ẹ jẹ́ kí ìyá jókòó sún mọ́ iná náà. Ibi tó bá ṣókùnkùn, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Aládìrẹ:
Mo padà dé. A lọ dán kámẹ́rà wò lánàá pẹ̀lú ìró tí ìyá ìyá mi pa láró fúnra rẹ̀. Pẹ̀lú ND àkọ́kọ́, ó pọ́n lóòótọ́, bíi kí ẹnìkan da omi obì sí i. Pẹ̀lú IRND, aró padà di aró, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọ̀rẹ́ mi ti gbà láti lo tripod fún gbogbo ìran àgbàlá; ó di inú yàrá kó tó gbé kámẹ́rà lọ́wọ́, nígbà tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ti so máìkì mọ́ orí igi ìgbálẹ̀, ó ń tẹ̀ lé màmá wa kiri ilé ìdáná láti àárọ̀. Ó ní òun ń gbọ́ fíríìjì. Mo ní kó lọ pa á.