Àbọ̀: èròjà ewé gbígbẹ ti Gíríìsì tó ń dì, ó ti yanjú

Ẹ kú ìdáhùn o. Ìbéèrè mi ni ìdí tí èròjà náà fi ń dì bí òkúta nínú ìgò. Èèpo lẹ́mọ́nì ló fà á. Bó bá tilẹ̀ dà bíi pé ó ti gbẹ, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Aáyù lílọ̀ á fa omi náà mu, á sì di kókó. Ẹ yọ funfun inú èèpo náà (ó korò), ẹ yan án nínú ààrò ní 90°C títí yóò fi máa rún wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, kó tutù pátápátá kí ẹ tó pò ó mọ́ ìyókù.

Ìwọ̀n rẹ̀: oregano (ewé olóòórùn kan) ṣíbí ńlá 3, táìmù ṣíbí ńlá 1, míǹtì gbígbẹ ṣíbí ńlá 1, aáyù lílọ̀ ṣíbí kékeré 2, èèpo lẹ́mọ́nì ṣíbí kékeré 2. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀ o. Oregano ni ọ̀gá. Ẹ má lọ̀ ọ́, àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ fi rún un nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó.

Adìyẹ kílò 1 gba ṣíbí ńlá 1 àbọ̀ èròjà yìí, pẹ̀lú òróró ólífì ṣíbí ńlá 3, omi lẹ́mọ́nì ṣíbí ńlá 2 àti iyọ̀ ṣíbí kékeré 1 àbọ̀. Bí iná bá le jù, aáyù á jó, á korò. Ẹ má sì gbọn ìgò náà sórí ìkòkò tó ń hó. Ooru omi rẹ̀ á tún mú kó dì.