Orí ẹ̀gbọ́n mi dàrú lẹ́yìn tí wọ́n fi ọtí sílẹ̀

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi, awakọ̀ èrò, ti ń mu ògógóró láàárọ̀ àti lálẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú wọ́n búra pé àwọn kò ní fẹnu kàn án mọ́. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n débi pé wọn kò lè gbé ife omi dé ẹnu. Lálẹ́ àná wọn kò fojú kan oorun. Wọ́n ń ṣa èèrà tí ẹnikẹ́ni kò rí kúrò lára aṣọ ìbora, wọ́n sì ń bá bàbá wa tó ti kú sọ̀rọ̀. Ìyá wa ní àsàsí ni, ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sórí òkè àdúrà. Ṣé ọtí tí ènìyàn fi sílẹ̀ lè fa irú èyí?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó lè fà á, ó sì lè pa ènìyàn, nítorí náà ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá báyìí, kí ẹ tó ka ìyókù. Ọtí a máa mú ọpọlọ rọlẹ̀. Bí ènìyàn bá ń mu ún lójoojúmọ́, ọpọlọ yóò máa sáré sí i kí ó lè dọ́gba, bí ọtí bá sì kúrò lójijì, eré yẹn kò ní ìjánu mọ́. Gìrì lè gbé ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí 6 sí 48, ìran rírí àti ìdàrúdàpọ̀ sì sábà máa ń dé láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin. Dókítà á lo diazepam, oògùn tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, á sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ra á fúnra yín. Ààwẹ̀ orí òkè ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí fítámì B1 kì í sábà tó lára ẹni tó ń fi ọtí dípò oúnjẹ, àìtó rẹ̀ sì lè ba ìrántí jẹ́ títí láé.

Bàbá Ìbejì:
Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kò ní àbùlà. Ẹ kàn mọ̀ pé ara máa ń yá ṣáájú ọkàn: nígbà tí èmi fi tèmi sílẹ̀, àìsùn àti ìbànújẹ́ tí kò nídìí ṣì bá mi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ mi ti dẹ́kun gbígbọ̀n, àkókò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ń padà sídìí ọtí. Ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka fún ẹni tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún, bí orúkọ Arò tilẹ̀ ń dójú ti àwọn ẹbí kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ ṣé gan-an. A ti dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti dá wọn dúró. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní bíà kan ṣoṣo kò lè ṣe nǹkan bí wọ́n bá padà délé.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ọtí ni bíà. Bí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n tún dá a dúró lójijì, ti ìgbà náà lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ.