Wọ́n há búbú àdìrẹ mi mọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù o! (Ọ̀rọ̀ yìí wáyé ṣáájú 2026, kí òfin híhun àti rírán tó yí padà.)

Ìyá Bísọ́lá, Manchester: Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará ilé! Búbú 40 tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti Lágere, ní Ifẹ̀, ti há. Ọjà àti owó ọkọ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 1,000, wọ́n ní kí n mú 344 wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ṣebí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti yọ̀ǹda owó ibodè fún ọjà Nàìjíríà láti oṣù kẹfà 2023? Kí n san án ni àbí kí n bá wọn jà?

Ọmọ Òbòkun, Leeds: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. 120 ni owó ibodè, 224 tó kù, VAT ni. Ìyọ̀ǹda yẹn ò kan VAT. Èmi jà lọ́jọ́sí, ẹrù jókòó sọ́dọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó ìkẹ́rù wá ju owó ibodè lọ.

Bọ̀dá Ẹnuwá, Bradford: Kí ni wọ́n kọ sínú ínfọ́ìsì? Ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ ló máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjà Nàìjíríà ni. Ẹni tí ò béèrè, wọn kì í yọ̀ǹda fún un.

Ìyá Bísọ́lá: "Ẹ̀bùn" ló kọ.

Bọ̀dá Ẹnuwá: Búbú 40? Ẹ̀bùn?! 😂

Ọmọ Òbòkun: Kódà kó kọ ọ́ pé ọjà Nàìjíríà ni. Ibo ni wọ́n ti hun aṣọ funfun tí wọ́n rẹ láró?

Ìyá Bísọ́lá: Ṣáínà. Ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ni wọ́n ti rẹ ẹ́, Ifẹ̀ ni wọ́n ti rán an!

Ọmọ Òbòkun: Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú ètò ìyọ̀ǹda yẹn, níbi tí wọ́n to Nàìjíríà sí, wọ́n fẹ́ kí híhun àti rírán jọ ṣẹlẹ̀ nílé. Ká ní Kùtọnu ni wọ́n ti rán an, rírán nìkan ì bá tó, torí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn tí ayé kà sí tálákà jù, òfin tiwọn sì rọrùn.

Bọ̀dá Ẹnuwá: Mi ò gbà! Aró ńkọ́? Aró kì í ṣiṣẹ́ ni?

Àǹtí Òkèèsà: Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ kọ Bẹ̀nẹ̀ síbẹ̀ o. Nígbà tí mo wà ní Coventry, mo gbọ́ràn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n mú ìwé télọ̀ Kùtọnu wá. Télọ̀ wo? Owó ibodè pẹ̀lú ìtanràn ni mo san.

Ọmọ Òbòkun: Ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀, ẹ ní ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo ayé ti ṣẹ̀, ẹ ò wá mọ ibi tí aṣọ ọrùn yín ti ṣẹ̀!

Bọ̀dá Ẹnuwá: Òṣómàáló! Bàbá yín ló ta aṣọ àwìn fún bàbá wa, tó wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù yìí gan-an, Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n.

Ọmọ Òbòkun: A ṣáà gbowó wa 😂

Àǹtí Òkèèsà: Bí mo ṣe ń tẹ èyí, odó ń dún lọ́tùn-ún lósì ní Iléṣà níbí. Ẹ kú ìyẹ̀fun inú páálí.

Bọ̀dá Ẹnuwá: Àǹtí, ìkà ni yín.

Ìyá Bísọ́lá: Ọjọ́ Ẹtì ń bọ̀ o! Kí n san án?

Bọ̀dá Ẹnuwá: Ẹ san án ná. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀rí, ọdún mẹ́ta lẹ ní láti gba owó ibodè padà. Ṣé búbú tó gba ọkùnrin oníkùn wà níbẹ̀?