Ẹ má gba ẹrù lórí "ojú"

Ẹ kú làálàá èdè wa o. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé a ti lo "ojú" jù: ojú tí a fi ń ríran, ojú tí a ń bọ́ láàárọ̀, ojú ọjọ́, ojú ìwé, ojú abẹ́rẹ́, ó tún wá ku ojú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó mú àbá náà wá ní àìtó ọ̀rọ̀ ló fà á, pé ṣe la kàn ń yá ẹ̀yà ara lò fún gbogbo nǹkan. Wọ́n wá ní kí a máa pe ibi tí àwòrán ti ń hàn lára fóònù àti kọ̀ǹpútà ní "agbáwòrányọ". Mo mọ rírì akitiyan wọn, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n gbé e kà kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo àwọn "ojú" wọ̀nyí. Ojú ogun ni ibi tí ìjà ti ń lọ gan-an, kì í ṣe ibi tí àwọn jagunjagun pàgọ́ sí. Ojúbọ ni ibi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà. Ojú idà ni apá tó ń gé nǹkan. Ojú àwọ̀n ni àlàfo tó ń sọ ẹja tí yóò bọ́ àti èyí tí yóò há. Ojú eéwo ni ibi tí ọyún yóò gbà jáde. Èwo nínú wọn ló jọ ojú èèyàn? Idà kò ní ìpénpéjú. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé ojú ni ibi tí nǹkan ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ibi tí àwa àti òun ti ń kò. Ojú tó wà lórí ọrùn wa jẹ́ ọ̀kan lára wọn: ibẹ̀ ni èèyàn àti ayé ti ń pàdé.

Ẹ tún wo òdìkejì rẹ̀. Bí nǹkan kò bá ṣojú ẹni, a jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹni ló ti ṣẹlẹ̀. Ìwé ní ojú, ó sì ní ẹ̀yìn. Ká ní ẹyinjú nìkan ni "ojú" túmọ̀ sí, ẹ̀yìn kò ní lè bá a dọ́gba.

Wọ́n tún ní "ojú" máa ń da olùgbọ́ láàmú. A ń bọ́jú, a sì ń dijú. Ta ló ń ṣì í gbọ́? "Bọ́" kó gbogbo rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, "dì" kò kọjá ìpénpéjú. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń là á. Èyí tó wù mí jù ni ti "pọ́n". Bí mo bá ní "ojú mi pọ́n", ẹ óò wá oògùn fún mi. Bí mo bá ní "ojú pọ́n mi", ìṣẹ́ ló ń bá mi fínra. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà ni. "Mi" nìkan ló ṣípò. Inú èyí kejì ni "ìpọ́njú" ti jáde, bí "ìkánjú" ṣe jáde láti inú "ojú ń kán mi". Èdè tó lè fi ìṣípò ọ̀rọ̀ kékeré kan ya àìsàn ara sọ́tọ̀ kúrò lára ìyà ayé, ẹ má pè é ní èdè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó.

Ẹ rántí rélùwéè tí wọ́n ṣí láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Èdè wa gba orúkọ àjèjì náà, ó sì tún bí tirẹ̀: ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó mọ ọkọ̀ ojú omi kò nílò àlàyé. Bákan náà ni ojú fóònù rí. Ibẹ̀ la ti ń bá a pàdé, ibẹ̀ la ń wò, ibẹ̀ la sì ń tẹ̀. "Agbáwòrányọ" sọ ti àwòrán, ó gbàgbé ìka tó ń tẹ̀ ẹ́.

N kò sọ pé gbogbo "ojú" tuntun ló dára. "Ojú òpó" tí àwọn kan ń pe ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì kò wọ̀ mí létí. Òpó ń gbé ilé dúró. N kò rí ohun tí a ń bá pàdé lójú rẹ̀. "Ìkànnì" tẹ́ mi lọ́rùn ju ìyẹn lọ.

Ibì kan sì wà tí mo gbà fún wọn pátápátá. Nígbà kan, wọ́n ní kí n túmọ̀ ìwé pélébé tí wọ́n fi sínú páálí ìpara kan. Mo kọ "ìpara ojú" sókè, ó sì dá mi lójú pé ó yé. Ìyá àgbàlagbà kan kà á, wọ́n bi mí pé, "Ṣé kí n fi sínú ẹyinjú ni, ọmọ mi?" Àyà mi já. Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan nínú "ìpara ojú" tó lè la ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ oògùn kì í ṣe ohun tí a ń méfò sí. Mo pa á rẹ́, mo kọ ọ́ báyìí: "Ẹ fi pa ojú. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kan ẹyinjú." Lórí oògùn àti kẹ́míkà, ẹ jẹ́ ká fi "ẹyinjú" ṣe òfin.