Èsì: "Àìlọ́kọ" kọ́ ni orúkọ wọn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtàn ìjọ Kristẹni ìgbàanì béèrè ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwọn lò fún àwọn obìnrin tó pinnu láti má ṣe fẹ́ ọkọ nítorí ìgbàgbọ́ wọn. "Àìlọ́kọ" ló wà lọ́kàn wọn. Ẹnìkan dáhùn pé "wúńdíá" ti tó, ẹlòmíràn dá "anìkàngbé" lábàá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí "àìlọ́kọ" wọ inú ìwé náà. Lẹ́nu wa, ẹni tó wá ọkọ tí kò rí là ń pè bẹ́ẹ̀. Èébú ni ládùúgbò, ohun tí wọ́n ń gbààwẹ̀ lé lórí sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin tí ìwé yìí ń sọ, ọkọ ló wá wọn wá, àwọn ni wọ́n kọ̀.

Ẹ wo Olympias, obìnrin kan ní ọ̀rúndún kẹrin ní Constantinople, olú-ìlú ilẹ̀ ọba Róòmù ní ìlà-oòrùn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀, Nebridius, kú, olú-ọba Theodosius fẹ́ kí ó fẹ́ Elpidius, ìbátan olú-ọba fúnra rẹ̀. Olympias ní òun kò ṣe. Olú-ọba gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀, síbẹ̀ kò yí ọkàn padà. Bíṣọ́ọ̀bù Nectarius fi í jẹ díákónì. Palladius, bíṣọ́ọ̀bù òǹkọ̀wé tó gbé ayé nígbà kan náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ní wúńdíá ni títí ó fi kú, bó tilẹ̀ ti wọ ilé ọkọ rí. Obìnrin kan ṣoṣo nìyẹn: opó, díákónì, wúńdíá. Báwo la ṣe fẹ́ fi "àìlọ́kọ" gbé ìyẹn?

"Wúńdíá" ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba gbogbo wọn. Nínú 1 Kọ́ríńtì orí 7, Pọ́ọ̀lù dá aláìgbéyàwó, opó àti wúńdíá lórúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ tó lò fún aláìgbéyàwó bá ọkùnrin àti obìnrin mu. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ àwọn wúńdíá, ó sọ gbangba pé òun kò ní àṣẹ Olúwa, ìmọ̀ràn tòun lòun ń gbà wọ́n. Tí a bá pe gbogbo wọn ní wúńdíá, a ti pa ìyàtọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ṣe rẹ́.

"Opó" ló ṣe pàtàkì jù sí mi, nítorí àwa Yorùbá ní ohun tí à ń gbọ́ nínú rẹ̀. Nínú àṣà ìbílẹ̀ wa, wọ́n ń ṣú opó ni. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú ṣì wà lọ́wọ́ ẹbí ọkọ. Nínú ìjọ àkọ́kọ́, opó di orúkọ ẹgbẹ́ tó ní ìwé orúkọ. 1 Tímótì orí 5 ní kí wọ́n má kọ orúkọ ẹni tí kò tíì pé 60 ọdún sínú rẹ̀, kí ó sì jẹ́ aya ọkọ kan ṣoṣo. Àwọn opó tó kéré, kí wọ́n lọ fẹ́ ọkọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì, Ignatius, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, kí "àwọn wúńdíá tí à ń pè ní opó" nínú lẹ́tà rẹ̀ sí ìjọ Smyrna. Lẹ́yìn náà, Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni ní Àríwá Áfíríkà, bínú pé níbì kan, wọ́n ti fi wúńdíá tí kò tíì pé 20 ọdún sínú ẹgbẹ́ àwọn opó. Ẹ ò rí i pé orúkọ náà ti kọjá ikú ọkọ.

Kì í sì í ṣe ohun kékeré kí opó tí kò tíì dàgbà jókòó láìfẹ́ ọkọ ní Róòmù. Òfin olú-ọba Augustus, ti ọdún 18 ṣáájú ìbí Kristi àti ti ọdún 9 lẹ́yìn rẹ̀, fìyà jẹ ẹni tí kò bá gbéyàwó nípa fífi ogún dù ú. Opó tí kò tíì pé 50 ọdún ní ọdún méjì péré láti fẹ́ ẹlòmíràn. Olú-ọba Constantine ló mú ìyà yẹn kúrò ní ọdún 320. Nítorí náà, mo dá "opó ìjọ" lábàá fún àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé orúkọ ìjọ yẹn. Yóò yé òǹkàwé pé wọn kò sí lọ́wọ́ ẹbí ọkọ mọ́: ìjọ ló ń bọ́ wọn, àwọn náà ń gbàdúrà fún ìjọ.

"Anìkàngbé" kò bá a mu rárá. Púpọ̀ wọn wà nílé bàbá wọn, àwọn mìíràn ń gbé pọ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ́. Kódà àwọn kan bá ọkùnrin tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ kan náà gbé inú ilé kan. Ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea ní ọdún 325 kọ̀ fún àlùfáà láti mú obìnrin sílé, àfi ìyá rẹ̀, arábìnrin rẹ̀, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀, tàbí ẹni tí ìfura kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Orúkọ tí a bá yàn kò gbọdọ̀ dájọ́ ṣáájú òǹkàwé, nítorí iyì àwọn obìnrin wọ̀nyí gan-an ni ìjà inú ìjọ nígbà náà dá lé. Jovinian, mọ́ǹkì kan ní Róòmù, ní wúńdíá, opó àti abilékọ tó ti ṣèrìbọmi kò ju ara wọn lọ níwájú Ọlọ́run bí ìwà wọn yòókù bá dọ́gba. Póòpù Siricius dá a lẹ́bi, Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Milan, náà dá a lẹ́bi. Ní ọdún 393, Jerome, àlùfáà tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìn, kọ ìwé méjì ta kò ó. Ó fi òwe afúnrúgbìn ṣàlàyé: ọgọ́rùn-ún ni èso wúńdíá, ọgọ́ta ni ti opó, ọgbọ̀n ni ti ẹni tó gbéyàwó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ le débi pé Pammachius, ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbìyànjú láti kó ìwé náà kúrò nílẹ̀. Lọ́wọ́ kejì, ní àárín ọ̀rúndún kẹrin, ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Gangra, ní Éṣíà Kékeré (Tọ́kì òde òní), ti bá àwọn obìnrin tó kórìíra ìgbéyàwó wí, tí wọ́n fi ọkọ sílẹ̀, tí wọ́n gé irun, tí wọ́n wọ aṣọ ọkùnrin. Ìgbìmọ̀ náà kò dá wúńdíá lẹ́bi. Ìkórìíra ìgbéyàwó ló dá lẹ́bi. Ìdí tí obìnrin fi kọ ọkọ ni wọ́n ń wò.

Ìdí yẹn ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa gbé, mo sì ń dá "afarajìn" lábàá, ẹni tó fi ara rẹ̀ jìn fún Ọlọ́run. Mo mọ̀ pé "ìfarajìn" ti di ti gbogbo ènìyàn, òṣèlú pàápàá ń lò ó. Ṣùgbọ́n "afarajìn", tó ń dárúkọ ẹni, kò tíì wọ́pọ̀, a ṣì lè fún un ní iṣẹ́ yìí. Ọkùnrin náà lè jẹ́ ẹ. Olympias lè jẹ́ ẹ, láìsí pé a ń wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ọkọ rẹ̀.

Ibì kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa ṣọ́ra, ẹsẹ 36 sí 38 nínú 1 Kọ́ríńtì orí 7 yẹn. "Wúńdíá rẹ̀" ni Gíríìkì sọ. Tí wọ́n bá kọ "ọmọbìnrin rẹ̀", bàbá ló ń pinnu bóyá kí ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọkọ. Tí wọ́n bá kọ "àfẹ́sọ́nà rẹ̀", ọ̀dọ́mọkùnrin ló ń pinnu. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jà lé e lórí. Ẹ fi í sílẹ̀ ní "wúńdíá rẹ̀", kí òǹkàwé Yorùbá lè rí i pé lọ́nà méjèèjì, ẹsẹ náà kò béèrè ohun tí ọmọbìnrin náà fẹ́.