Ẹja titan triggerfish tó ń lé òmùwẹ̀: ṣé òkè ni ká sá gbà?

Akínlúwẹ̀ẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Koh Tao ní Thailand là ń lọ, a fẹ́ wẹ̀ lábẹ́ omi níbi àpáta iyùn. Gbogbo ẹni tó mọ ibẹ̀ ló ń kìlọ̀ fún wa nípa titan triggerfish. Ẹnì kan ní bó bá ti lé wa, ká sáré gòkè. Ṣé òótọ́ ni? Kí la ṣe fún un gan-an? Ṣé oró wà léyín rẹ̀? Ṣé jíjẹ sì ni?

Ìyá Ìpẹ́:
Ẹ má gòkè o! Ilẹ̀ tí ẹja yẹn ń ṣọ́ rí bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo: ó tóóró nísàlẹ̀ níbi ìtẹ́ ẹyin, ó wá ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè. Ẹni tó gòkè ṣì wà nínú ọgbà onílé, ó kàn tún jìn wọ inú rẹ̀ sí i ni. Ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹ kọjú sí i, kẹ́ ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn lọ ní ìbú, kẹ́ ẹ na bàtà ìwẹ̀ sáàárín ẹ̀yin àti òun. Bó bá máa gé nǹkan jẹ, kó gé rọ́bà. Ẹni tó ru sílíńdà afẹ́fẹ́ tó sì sáré gòkè tún ní ewu mìíràn: afẹ́fẹ́ á wú nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì lè ya á.

Kó tó gbéjà, ó máa ń fi hàn. Ẹ̀gún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á nà ró ṣánṣán, òun náà á dẹ̀gbẹ́ díẹ̀ láti fi ojú kan wò yín. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti yà, ẹ má dúró ya fọ́tò.

Akàn Etídò:
Ìyá Ìpẹ́ ti sọ ọ́. Kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń bínú. Ẹyin ló ń ṣọ́. Á gbẹ́ kòtò sínú iyanrìn àti àfọ́kù iyùn, á yé síbẹ̀, á sì máa fẹ́ omi sí ẹyin náà. Abo ló sábà máa ń dúró tì í. Bí kò bá sí ẹyin nílẹ̀, ó sábà máa ń kọjá lọ ní tirẹ̀ ni.

Balistoides viridescens ni orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀. Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 75, láti Òkun Pupa dé àárín Pàsífíìkì ló sì ń gbé. Ẹ̀gún mẹ́ta ló wà níwájú ẹ̀yìn rẹ̀. Bí èkíní bá nà, èkejì á há a pa; ẹ tẹ èkíní títí, kò ní wálẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá tẹ èkejì. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fi ohun tí wọ́n ń fà lára ìbọn sọ ọ́ lórúkọ. Lálẹ́, á wọ ihò àpáta, á na ẹ̀gún yẹn, á há síbẹ̀. Kò sí ẹja ńlá tó máa rí i fà jáde.

Eyín rẹ̀ ń fọ́ iyùn, akàn àti ìgbín òkun. Ní ti ẹran róbótó ẹlẹ́gùn-ún tó dà bí òòrẹ̀, á fẹ́ omi sí i lábẹ́ títí á fi dojú dé, á wá jẹ ẹ́ láti ibi tí ẹ̀gún ti kúrú. Àwọn ẹja kéékèèké máa ń tẹ̀ lé e láti ṣa èérún.

Dókítà Adágún:
Kò sí oró léyín, àmọ́ ojú ọgbẹ́ máa ń jìn. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ dá, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà. Ó lè gba rírán.

Ní ti jíjẹ, ẹ fi sílẹ̀. Májèlé ciguatera lè wà nínú ẹran rẹ̀. Ara ewéko tíntín tó ń hù lórí iyùn tó ti kú ló ti ń wá, ẹja kan á jẹ ẹ́, òmíràn á jẹ ẹja yẹn. Síse, yíyan tàbí dídì nínú yìnyín kò lè pa á. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló sábà ń kọ́kọ́ dé, ẹnu á máa já ṣinṣin, omi tútù á sì máa jóni bí iná.

Akínlúwẹ̀ẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé òun náà ni èyí tí àwọn apẹja ń kó ní Gánà?

Akàn Etídò:
Rárá, ìbátan rẹ̀ tó ń jẹ́ Balistes capriscus nìyẹn. Kò sí titan ní Àtìláńtíìkì rárá. Capriscus yẹn pọ̀ yamùrá ní omi Gánà àti Ivory Coast láàárín ọdún 1970 sí 1989, kó tó wá dín kù.